Bọ́ọ̀lù Keje

Ọjọ́ Àìkú, 2 Oṣù Kẹfà

Àwọn tí a bí láti ìgbà ọdún tuntun: Rowan, ọmọ Clive ọmọkùnrin mi, pọ́n-ùn mẹ́jọ ó lé díẹ̀, ohùn rẹ̀ le ju fèrè ọkọ̀ ojú irin lọ. Gemma, ọmọ àbúrò mi, bí ìbejì, obìnrin ni méjèèjì. Àwọn tó ṣègbéyàwó: Pauline aládùúgbò mi, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, fẹ́ ọlọ́pàá kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Hull. Àwọn tó kú: kò sí. A dúpẹ́.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ gbogbo èyí. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n kọ orúkọ Rowan, màá ní mo gbàgbé awò ojú mi sílé ni. Míísì Farrell, tíṣà wa ní kíláàsì àwọn àgbà, ní kí oníkálukú kọ ohun tí ojú rẹ̀ bá rí títí ìgbà ooru yóò fi parí.

Ohun tuntun kan nìyí. Ẹgbẹ́ kíríkẹ́ẹ̀tì abúlé wa ní kí n máa bá wọn kọ ìwé àmì, nítorí ẹni tó ń kọ ọ́ ti kó lọ sí Spéènì. Lynette ọmọbìnrin mi ló kọ́ mi. Bọ́ọ̀lù kan, àmì kan. Bí wọn kò bá rí nǹkan kan jẹ nídìí rẹ̀, a fi kókó kan síbẹ̀. Àpótí kan gba bọ́ọ̀lù mẹ́fà, lẹ́yìn náà rẹfirí á pariwo pé ó parí, ẹlòmíràn á sì máa ju bọ́ọ̀lù láti ìhà kejì. Mẹ́fà. Kì í ṣe márùn-ún, kì í ṣe méje. Ìyẹn yé mi. Ìyókù ló ń dàrú mọ́ mi lójú.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Oṣù Kẹfà

Òjò láti àárọ̀. Èso stróbẹ́rì di pọ́n-ùn mẹ́ta abọ́ kan. N kò rà á.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Oṣù Kẹfà

Tilly, ọmọ Lynette, fi bọ́ọ̀lù tó ń jù lé ọmọ mẹ́ta kúrò lórí pápá lónìí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án! Bọ́ọ̀lù rẹ̀ máa ń yí bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Mo sọ fún gbogbo ẹni tó jókòó, àti àwọn tí kò jókòó, pé ọmọ ọmọ mi ni.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn wà nílẹ̀. Ọmọ Ọsirélíà ni Wade, ọkọ Lynette. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ballarat kọ̀wé sí i pé kó wá, kí àwọn jọ máa ṣe iṣẹ́ páìpù omi. Ilé wà fún wọn. Ó gbọ́dọ̀ fèsì kí oṣù kẹsàn-án tó parí.

Mo bi Wade léèrè nígbà tó ń gbé àga. Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, bí mo bá lọ, ta ni yóò bá Clive ṣíde eré? Wọ́n á lé e jáde kí tíì tó hó."

Òun àti Clive ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ wa, láti ọdún mẹ́jọ. Bí ìbejì ni wọ́n ń sáré pààrọ̀ ipò láàárín igi mẹ́ta ìhà kan àti ti ìhà kejì, kí ẹgbẹ́ wa lè rí àmì. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 1 Oṣù Kẹjọ

Eérú bẹ̀rẹ̀ lónìí, ìdíje kíríkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ìkòkò eérú kékeré kan ṣe ẹ̀bùn rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni Ẹ́ńgílándì àti Ọsirélíà yóò pàdé, ọjọ́ márùn-ún márùn-ún. Iwájú tẹlifíṣọ̀n mi ni gbogbo wọn jókòó sí, wọ́n sì jẹ kéèkì mi tán.

Mo tún béèrè ohun tí mo ń béèrè láti ogójì ọdún: eérú kí ló wà nínú ìkòkò kékeré yẹn gan-an?

Clive ní, "Igi ni wọ́n sun, Màmá."

Len tó ń ta ẹran ní, "Rárá o, ìbòjú obìnrin kan ni."

Wade ní, "Ohun yòówù kó jẹ́, tiwa ni."

"Ẹ gbọ́ ọmọ ẹlẹ́wọ̀n!" Len pariwo. "Bàbá ńlá rẹ jí búrẹ́dì, wọ́n fi ọkọ̀ òkun gbé e lọ. Ìwọ náà wá jí eérú."

"Bàbá ńlá mi bọ́ sínú oòrùn. Àwọn tiyín dúró síbí, wọ́n ń sunkún nítorí òjò. Ẹ ṣì ń sunkún."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Tilly kun ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ní pupa àti funfun, ó kun èkejì ní àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ìyeyè, ti Ọsirélíà. Ó ní òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bínú sí òun. Mo rò ó wò: orílẹ̀-èdè ńlá méjì, eérú ẹ̀kúnwọ́ kan. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 4 Oṣù Kẹjọ

Màá kọ ọ́ bó ṣe rí.

Ní gbogbo ọdún tí Eérú bá bọ́ sí ilẹ̀ wa, ẹgbẹ́ wa máa ń pín ara rẹ̀ sí méjì, Ẹ́ńgílándì lápá kan, Ọsirélíà lápá kejì. Ọmọ Ọsirélíà méjì péré la ní, Wade àti Kirsty nọ́ọ̀sì, nítorí náà wọ́n máa ń yá àwọn ìyókù. Eré lásán ni. Àwọn tó bá pàdánù ló ń fọ àwo.

Clive ń gbá bọ́ọ̀lù, Len wà ní ìhà kejì. Wade ló dúró lẹ́yìn igi mẹ́ta Clive, ó ń mú bọ́ọ̀lù tó bá kọjá. Rẹfirí ni Ọ̀gbẹ́ni Holroyd, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́fà ló fi ń ka bọ́ọ̀lù, láti àpò òsì sí àpò ọ̀tún. Ẹ̀gbẹ́ kéèkì ni mo jókòó sí pẹ̀lú ìwé àti pẹ́ńsù mi.

Bọ́ọ̀lù kan, kókó kan. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, agbọ́n kan dojú kọ Ọ̀gbẹ́ni Holroyd, bàbá náà sì ń fi fìlà lé e. Ẹ̀karùn-ún. Ẹ̀kẹfà. Àpótí mi kún. N kò gbọ́ "ó parí". Clive wo rẹfirí, ó fajú ro, ó padà sí ipò rẹ̀. Wọ́n tún ju òmíràn. Clive jẹ́ kó kọjá lọ bá Wade, lẹ́yìn náà ó jáde kúrò nínú ìlà funfun rẹ̀, ó ń lọ bá Len sọ̀rọ̀, bí gbogbo wọn ṣe ń ṣe nígbà tí mẹ́fà bá pé.

Wade ju bọ́ọ̀lù sí igi mẹ́ta. Igi fò. Wọ́n pariwo. Ọ̀gbẹ́ni Holroyd wo òkúta rẹ̀, ó gbé ìka sókè. Clive ti kú: bí igi bá wó nígbà tí ènìyàn kò sí nínú ìlà rẹ̀, tí àpótí kò sì tíì parí, eré rẹ̀ tán nìyẹn.

Clive ní, "Ó ti tán! Méje ni wọ́n jù!"

Wade ní, "Rẹfirí kò pariwo. Kí ló gbé ẹ kúrò nílé rẹ?"

Kirsty sáré wá bá mi. "Nana Doreen, mélòó ló wà nínú ìwé yín?"

Mo wo ìwé. Kókó mẹ́fà, bọ́ọ̀lù méje. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé: Doreen, ìwọ lo ṣì í kà. Àwọn tó lọ sílé ìwé láti kékeré ló wà lórí pápá yẹn. Mo fi rọ́bà pa kókó ìkẹyìn rẹ́, mo kọ àmì ikú Clive síbẹ̀.

Mo ní, "Mẹ́fà."

Wọ́n gbé ìwé mi sókè fún gbogbo ayé rí. Wọ́n fi Clive ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní kó lọ bá ìyá rẹ̀ jókòó ní kíláàsì. Ni Clive bá na ìka sí Wade lójú Tilly, ó ní, "Olè! Olè ni ẹ́, olè ni gbogbo yín!"

Ẹyin lohùn. Mo gbọ́ bó ṣe fọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 Oṣù Kẹjọ

Mo lọ ra ẹran lọ́dọ̀ Len. Odindi wákàtí kan ni mo fi dúró, nítorí gbogbo ẹni tó tò sórí ìlà ló ń dá ẹjọ́ Clive. Len ní òfin kì í ṣe gbogbo nǹkan, ìwà ọmọlúwàbí wà nínú kíríkẹ́ẹ̀tì, ènìyàn kì í pa ẹni tó kọ ẹ̀yìn sí i.

Kirsty ní, "Ẹ̀yin ará ibí! Bí ẹ bá ṣe é, ọgbọ́n ni. Bí àwa bá ṣe é, ìwà burúkú ni. Ṣé ẹ fẹ́ ká kọ lẹ́tà sí i kó tó jáde nílé ni?"

Len ní, "Ẹ kọ ọ́ nígbà náà, bí ẹ bá mọ̀ ọ́n kọ."

"Ẹni tí kò mọ mẹ́fà yàtọ̀ sí méje ló ń bá mi sọ̀rọ̀ ìwé!"

Bí Len bá sọ̀rọ̀, mo mi orí. Bí Kirsty bá sọ̀rọ̀, mo tún mi orí. N kò mọ ẹni tó jàre mọ́. Ẹran lílọ̀ ti fi àádọ́ta pẹ́ńsì wọ́n sí i.

Ọjọ́rú, 7 Oṣù Kẹjọ

Lynette wá. Kò mu tíì rẹ̀. Ó ní Wade ti gbé lẹ́tà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sórí tábìlì. Wade ní òun kò ní máa gbé láàárín àwọn tó ń pe òun ní olè lójú ọmọ òun.

Mo ní, "Ìwọ ńkọ́?"

Ó ní, "Ọkọ mi ni Wade, Màmá. Ẹ̀gbọ́n mi ni Clive. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?"

Mo lọ sọ́dọ̀ Clive pé kó bẹ̀bẹ̀. Ó gbé Rowan léjìká, ó ní, "Màmá, mo mọ méje. Màá bẹ̀bẹ̀ lọ́jọ́ tí méje bá di mẹ́fà."

Mo mu tíì, mo padà sílé. N kò sọ fún un nípa kókó tí mo pa rẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10 Oṣù Kẹjọ

A gba àlejò láti abúlé kejì, nítorí náà Clive àti Wade padà sí ẹgbẹ́ kan náà, wọ́n ṣíde eré. Ẹni tó bá fẹ́ sáré gbọ́dọ̀ pariwo "bẹ́ẹ̀ni" tàbí "rárá" tàbí "dúró" sí èkejì rẹ̀. Àwọn méjèèjì kò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Clive gbá a, ó sáré láìsọ nǹkan kan. Wade dúró. Nígbà tí Wade bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, Clive ti ń padà. Àwọn méjèèjì bá ara wọn nídìí igi kan náà, èjìká sí èjìká, bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì. Kò sẹ́ni tó wo ẹnì kejì. Àwọn àlejò rọra rìn, wọ́n wó igi tí kò ní olùṣọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bọ̀.

Èmi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13 Oṣù Kẹjọ

Mo mú ìwé òfin kíríkẹ́ẹ̀tì lọ sí kíláàsì. Míísì Farrell ní ó le jù fún mi. Mo ní kó jẹ́ kí n fi ìka tẹ̀lé e. Ó gbà mí ní gbogbo ọ̀sán. Mo rí i: bí rẹfirí bá ṣì í kà, kíkà rẹ̀ náà ló dúró.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tó sọ ni pé Clive kà á dáadáa, ó sì kú dáadáa. Wade kò rú òfin, Clive kò sì purọ́. Àwọn méjèèjì ló jàre! Báwo ni a ṣe ń parí irú ìjà bẹ́ẹ̀? Èmi nìkan ni mo kọ irọ́ sílẹ̀, èmi tí mo ń yangàn pé mo mọ̀ ọ́n kọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 16 Oṣù Kẹjọ

Ọ̀dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Holroyd ni mo kọ́kọ́ lọ, kí n má baà dójú tì í níwájú ọmọdé. Ó ń gé òdòdó. Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan agbọ́n tí kò jẹ́ kó sún òkúta kan.

Ó gbé òdòdó rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ọgọ́ta ọdún, Doreen. Òjò kò ṣì mí lọ́nà, ọtí kò ṣì mí lọ́nà. Agbọ́n!" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Lẹ́yìn náà ó ní, "Fi báírò kọ ọ́. Pẹ́ńsù ló fa gbogbo èyí."

Ọjọ́ Àìkú, 18 Oṣù Kẹjọ

Mo ní kí gbogbo wọn wá jẹ ẹran sísun. Wọ́n wá, nítorí pé èmi ni mo pè wọ́n. Clive wà ní orí kan tábìlì, Wade ní orí kejì. Tilly ló ń gbé iyọ̀ láàárín wọn.

Mo mú ìwé àmì jáde. Mo ní, "Méje ni. Mo rí i, mo sì pa ọ̀kan rẹ́. Mo rò pé èmi ni kò mọ̀ ọ́n kà. Ẹ má bínú sí mi."

Clive gbá tábìlì. "Ṣé ẹ rí i? Ṣé ẹ rí i! Méje!"

Mo ní, "Jókòó. Ìwé òfin ní o ṣì kú."

"Kú kẹ̀?"

"Òkú ni ẹ́. Mo kà á fúnra mi."

Mo rò pé Wade yóò yọ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n títí dé etí. Ó dìde, ó ní òun fẹ́ wo ọkọ̀ òun, kò sì padà wọlé. Oúnjẹ rẹ̀ tutù. Mo rò pé màá tún nǹkan ṣe ni, mo tún ta ìdọ̀tí sí i. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 Oṣù Kẹjọ

Wade nìkan wá. Ó jókòó sí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé mi, kò fẹ́ wọlé nítorí bàtà iṣẹ́ rẹ̀.

"Màmá, èmi náà kà á."

Mo ní, "Ka kí ni?"

"Méje. Bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ mi, mo mọ̀ pé méje ni. Mo rí i tó ń lọ. Mo mọ̀ pé rẹfirí kò tíì pariwo. Ọwọ́ mi yára ju orí mi lọ. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa pé bí igi bá ṣí sílẹ̀, kí a wó o." Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Mi ò jalè. Àmọ́ bí Clive ṣe pè mí bẹ́ẹ̀, ó dùn mí ju bó ṣe yẹ kó dùn mí lọ. Nítorí pé mo mọ̀."

Bí òfin bá ní o jàre, tí inú rẹ ní o jẹ̀bi, èwo ni kí ìyá ìyàwó sọ? Mo fún un ní tíì.

Ó tún ní, "Ẹ̀gbọ́n mi kọ́ ló ń pè mí gan-an. Ìyá mi ni. Beryl ti di ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló ti rí Tilly."

Gbogbo ìgbà tí mo ń gbàdúrà kí wọ́n má lọ, n kò rántí rí pé ìyá àgbà mìíràn ń gbàdúrà kí wọ́n wá. Ọlọ́run kan náà ni àwa méjèèjì ń dà láàmú.

Mo ní, "Ohun tí o sọ fún mi yìí, lọ sọ ọ́ fún Clive."

Ó ní, "Mi ò mọ bí màá ṣe bẹ̀rẹ̀."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 31 Oṣù Kẹjọ

Oòrùn. Afẹ́fẹ́ díẹ̀. Wọ́n tún ṣíde eré.

Kí wọ́n tó jáde, Wade dá Clive dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi, bóyá nítorí kí n lè gbọ́. Ó ní, "Mo ka méje, Clive. Mo sì wó o."

Clive ń so ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Ó so ó, ó tú u, ó tún so ó. Ó gbé igi ìgbábọ́ọ̀lù rẹ̀, ó bọ́ sórí pápá.

Wade gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ síbi tí kò jìnnà. Kò dá mi lójú pé àyè wà láti sáré. Ni mo bá gbọ́ ohùn Clive láti ìhà kejì pápá, ohùn tó fi ń pe ajá:

"BẸ́Ẹ̀NI! Sáré, ìwọ olórí kunkun, bẹ́ẹ̀ni!"

Wade sáré. Wọ́n kọjá ara wọn láàárín, Clive sì fi igi ìgbábọ́ọ̀lù rẹ̀ kan ti Wade. Ọ̀rọ̀ kan péré, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Àmì méjìdínláàádọ́rùn-ún ni wọ́n jọ kó kí ẹnikẹ́ni tó jáde. Báírò ni mo fi kọ gbogbo rẹ̀.

Lẹ́yìn tíì, Clive kúnlẹ̀ níwájú Tilly, ó ní, "Bàbá rẹ kì í ṣe olè. Èmi ni mo ya ẹnu gbòòrò." Tilly ní òun mọ̀. Bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kò ní rí ẹni bá ṣeré.

Ọjọ́ Àìkú, 15 Oṣù Kẹsàn-án

Eérú parí. Ẹ́ńgílándì ja méjì gbà, Ọsirélíà ja méjì gbà, ìkan kò ní olùborí. Mo ní ó dára, kí wọ́n pín in. Wọ́n ní rárá, ọwọ́ ẹni tó wà tẹ́lẹ̀ ló máa wà, ìyẹn Ọsirélíà.

Mo ní, "Ṣé wọ́n borí ni?"

Wade ní, "Rárá, Màmá."

"Ṣé àwa pàdánù ni?"

Clive ní, "Rárá, Màmá."

"Kí ni wọ́n wá ń fò sókè fún?"

Àwọn méjèèjì wo ara wọn.

Ọjọ́ Àìkú, 22 Oṣù Kẹsàn-án

Wọ́n ń lọ.

Lynette ló sọ ọ́, Wade di ọwọ́ mi mú. Kì í ṣe ìbínú mọ́. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, èmi ni mo sì máa ń pa òwe náà fún àwọn ẹlòmíràn. Clive ní, "Lọ bá ìyá ẹ, ọmọ ẹlẹ́wọ̀n," ó wá jáde lọ gé koríko mi tí wọ́n gé lánàá.

Mo rò pé bí ìjà bá parí, wọ́n á dúró. Ìjà parí, wọ́n ń lọ. Bóyá bí ìjà bá wà, wọn ìbá ṣì lọ. N kò mọ̀. Mo ti ka gbogbo ìwé òfin, kò sí èyí níbẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 13 Oṣù Kẹwàá

Clive fi ọkọ̀ gbé wọn dé pápákọ̀ òfurufú Manchester láàárọ̀. Òun ló gbé àpò tó wúwo jù. Tilly bi mí pé ta ni kí òun máa gbè lẹ́yìn bí Eérú bá tún dé. Mo sọ fún un pé kó gbè lẹ́yìn ẹni tó bá ń ju bọ́ọ̀lù dáadáa. Ó ní, "Èmi nìyẹn, Nana." Òótọ́ ni.

Ilé dákẹ́. Mo jókòó, mo kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo kọ sí ilẹ̀ òkèèrè láyé mi, sí Beryl ní Ballarat. Ojú ewé méjì. Mo sọ fún un pé ọmọ náà kì í jẹ ẹ̀wà àfi tí ó bá wà lórí búrẹ́dì tí a yan, pé bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń yí sí òsì, pé bí wọ́n bá ń kígbe mọ́ ọn kò ní lè jù ú. Mo ní bí Beryl bá lè jókòó létí pápá, kó máa bá mi ka bọ́ọ̀lù rẹ̀, kó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé ó ṣì í kà.

Mo fi owó sí i, kí wọ́n fi kọ orúkọ Tilly sí ẹgbẹ́ àwọn ọmọdébìnrin níbẹ̀, kí wọ́n sì fi ra fìlà fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ewé: pọ́n-ùn márùndínlọ́gọ́rin.